Àwọ̀ wo ló yẹ mọ́tò ìjọba ìbílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni mo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mọ́tò mẹ́rìnlá la ní: Hilux mẹ́rin, bọ́ọ̀sì Hiace méjì, típà mẹ́ta, mọ́tò akólẹ̀ méjì, tánkà omi kan, áńbúláǹsì kan àti gírédà kan. Àwọ̀ márùn-ún ló wà lára wọn. Alága wa ti ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn kan ní kí a kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, àwọn kan ní funfun, àwọn mìíràn sì ń fa àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wá sí i. Èwo ni kí a mú? Báwo la sì ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa á fi lè tẹ̀ lé e?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ mú funfun. Kì í sì í ṣe funfun kan ṣáá, funfun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ti fi kùn ún kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn ni.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹwà. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kun mọ́tò. Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi, ìjọba ìbílẹ̀ kan gbé mọ́tò mẹ́fà wá pé kí a kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó mú kóòdù kankan dání, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ọ̀dà. Ọ̀kan nínú wọn já ewé máńgòrò kan nínú ọgbà wa, ó nà án sí ọ̀gá mi, ó ní, "Bí èyí gan-an ni." Ọ̀gá mi fi ojú lásán po ọ̀dà náà, ó sì mọ̀ ọ́n pò: nígbà tí mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò jáde, gbogbo àdúgbò ló dúró wò wọ́n. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi gbá ọ̀kan nínú wọn ní fẹ́ńdà ọ̀tún. Ewé máńgòrò ti gbẹ, ọ̀dà tó ṣẹ́kù ti dì mọ́ inú agolo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo po òmíràn. Lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ó bá a mu. Bí a ṣe ti mọ́tò síta tí oòrùn bà á báyìí, fẹ́ńdà yẹn yọ gedegbe bí àlẹ̀mọ́ lára bùbá tuntun. Nígbà tó fi máa tó ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá to mọ́tò mẹ́fà yẹn sójú kan, ẹ ó ka àwọ̀ ewé mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe pé a ò mọṣẹ́. Oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dà tó ní àwọ̀ lára máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀, pupa ló sì máa ń yá jù nínú wọn. Torí náà, bí ẹ tilẹ̀ rí ọ̀dà kan náà rà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, apá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn kò ní bá èyí tó ti ń jẹ oòrùn bọ̀ mu. Ohun tó ń mú ọ̀dà funfun funfun ni titanium dioxide, ìyẹ̀fun kan tí oòrùn kì í tètè rí mú. Funfun náà máa ń gbó, àmọ́ ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Mọ́tò ìjọba kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n ń pa mọ́ sí gáréèjì. Wọ́n á gbá a, yóò ha igi, àwọn ọmọ á fi òkúta kọ orúkọ sí i lára. Ọjọ́ tí ẹ ń tún un ṣe ni kí ẹ rò kí ẹ tó yan àwọ̀.

Ohun kejì ni pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ lágbára ju tèmi lọ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Wọ́n máa ń ri gbogbo ara mọ́tò bọ inú ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí iná mànàmáná ń lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á wá yan ọ̀dà òkè nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 140°C. Èmi ò lè dán irú rẹ̀ wò lára mọ́tò tí wáyà, rọ́bà àti àga ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ́ ni. Bí ẹ bá gbé Hilux tuntun wá pé kí n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, sáńdípépà ni mo máa kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í há ohun tó dáa jù lára rẹ̀. Ibi tí a bá ti há dé irin ni ìpẹtà yóò gbà wọlé.

Ó tún kan àwọn dẹ́rẹ́bà yín. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California gbé Honda Civic méjì sínú oòrùn, ọ̀kan dúdú, ìkejì ní àwọ̀ fàdákà. Òrùlé èyí tó dúdú gbóná ju ti ìkejì lọ tó 25°C, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì fi nǹkan bí 5 sí 6°C gbóná jù ú lọ. Ẹni tó bá ti wọ típà ní ọ̀sán oṣù kejì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ní ti kí èèyàn tètè rí mọ́tò lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gùn díẹ̀. Ìwádìí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ní 2007 rí i pé lójú mọmọ, ewu ìjàǹbá mọ́tò dúdú fi 12% ju ti funfun lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àwọ̀ tó ń ké sí ojú jù lọ, yẹ́lò àti yẹ́lò tó fẹ́ dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń borí. Ní 1939, Frank Cyr ti Teachers College ní Yunifásítì Columbia pe àwọn aṣojú láti ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jọ láti fẹnu kò lórí bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé. Yẹ́lò ni wọ́n mú, torí pé lẹ́tà dúdú lórí yẹ́lò hàn ketekete ní ìdájí tí àwọn ọmọ ń jáde nílé. Títí dòní, àwọ̀ yẹn náà ni. Ní 1995, Stephen Solomon àti James King tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí mọ́tò panápaná ìlú Dallas: àwọn tí wọ́n kùn ní yẹ́lò àti funfun kò ní ìjàǹbá tó àwọn tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Pupa tí a rò pé ó ń pariwo yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, dúdú ló máa ń dà lójú wa.

Kí ló dé tí mi ò wá ní kí ẹ mú yẹ́lò? Torí pé àwọ̀ ti ní ìtumọ̀ lọ́kàn àwọn èèyàn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, yẹ́lò tó ní ìlà dúdú ni dánfó Èkó. Bí bọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ yín bá wọ Èkó ní yẹ́lò, èrò á máa na ọwọ́ sí i ní Ọjọ́ta. Àwọ̀ ewé náà nìyẹn, tákísí ni ní Àbújá. Funfun kò tíì di ti ẹnikẹ́ni.

Àbùkù rẹ̀ wà, mi ò ní fi pa mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, funfun máa ń sọnù sínú rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko náà tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tépù tó máa ń dán bí iná mọ́tò bá bà á ni ẹ ó fi ṣe àtúnṣe èyí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì lẹ òmíràn yí ẹ̀yìn ká. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Ọba náà nìyẹn láti àwọn ọdún 1990: onígun mẹ́rin yẹ́lò àti búlúù lára mọ́tò ọlọ́pàá, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé lára áńbúláǹsì. Lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbó, wọ́n á bó o kúrò, wọ́n á lẹ òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ti wọlé nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ alága yín. Mo ti kun mọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin nítorí pé ìjọba yí padà. Owó mi ni wọ́n san, inú mi kò sì dùn, torí pé tánkà omi inú ọgbà wọn kò ní táyà lẹ́yìn. Bí alága bá fẹ́ kí àwọ̀ kan hàn, kó hàn lára ìlà tí a lẹ̀. Ara mọ́tò jẹ́ ti ìlú, kó wà ní funfun.

Kì í ṣe gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló máa funfun o. Ẹ fi gírédà sílẹ̀ ní yẹ́lò tó bá wá. Inú ọ̀nà gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yà ara tí ẹ bá rà fún un náà, yẹ́lò ló máa ń jẹ́. Ní ti mọ́tò akólẹ̀, ẹ kun orí rẹ̀ níbi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó ní funfun, kí ẹ wá kun àpótí ẹ̀yìn ní àwọ̀ ọsàn. Omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn lára rẹ̀ yóò sọ funfun di nǹkan mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì máa ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdájí, ó yẹ kí a rí wọn. Àwọn ará Jámánì ti fi àwọ̀ ọsàn yìí ṣe ti ìjọba ìlú tipẹ́, RAL 2011 ni kóòdù rẹ̀.

RAL yẹn ni kí ẹ dì mú fún àwọn mọ́tò ńlá. Ìwé àwọ̀ ni, Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1927 pẹ̀lú àwọ̀ 40, ó ti lé ní 200 báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi kọ̀ǹpútà po ọ̀dà, ẹ sọ nọ́ńbà náà, wọ́n á pò ó. Fún típà àti tánkà, ẹ mú RAL 9016. Hilux àti Hiace ní tiwọn ti ní kóòdù lára: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wo pátákó irin kékeré tí wọ́n kọ C/TR sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀dà. 040 ni mo máa ń bá jù lára Hilux funfun. Ẹ má rò pé ti Hiace máa jẹ́ bákan náà, ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá wá ń kọ ìwé òfin yín, ẹ má kọ "funfun" lásán, ẹ má sì kọ orúkọ àwọ̀ kankan láìsí nọ́ńbà. Ẹ rántí bí èdè wa ṣe rí: funfun, pupa, dúdú ni ìyá àwọ̀. Màmá tó ń tajà létí títì lè sọ fún yín pé mọ́tò pupa ló gbá ewúrẹ́ òun, kó jẹ́ yẹ́lò ló rí, kó jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Kò purọ́. Nínú ìwé ìjọba, nọ́ńbà ló máa ń yanjú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Hilux àti Hiace, funfun ilé iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí kóòdù tó wà lára mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Típà, tánkà àti orí mọ́tò akólẹ̀, RAL 9016. Àpótí mọ́tò akólẹ̀, RAL 2011. Yàtọ̀ sí gírédà àti àpótí mọ́tò akólẹ̀, a kò gbọdọ̀ ra mọ́tò tuntun tí kò funfun láti ilé iṣẹ́." Ẹ fi kún un pé orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn méjèèjì àti lẹ́yìn, ní lẹ́tà dúdú tí ẹni tó wà lódìkejì títì lè kà.

Kí ẹ sì ṣe nǹkan kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà ṣe. Ẹ ní kí péńtà kun irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tó tó ìwé ọmọ ilé ìwé, pẹ̀lú ọ̀dà kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ kóòdù àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ wé e sínú bébà dúdú kí oòrùn má bà á. Ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò, ọ̀kan lọ́dọ̀ péńtà. Ká ní ewé máńgòrò yẹn jẹ́ irin ni, à bá ti bọ́.

Ẹ má kun gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ti funfun, ẹ lẹ ìlà àti orúkọ mọ́ ọn, ó parí. Èyí tó bá lọ sí ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà fún àtúnṣe, kó gba àwọ̀ tuntun kó tó padà. Èyí tó ti ń kú lọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tà á. Gbogbo èyí tí ẹ bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà ni kí ẹ tún ìwé rẹ̀ ṣe, torí pé àwọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò. Bí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá tàbí olè bá dé, wàhálà ibẹ̀ kì í kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ náà fún péńtà, ẹ bi í pé ṣé ó ní ìbòjú gidi. Hádínà tí a ń pò mọ́ ọ̀dà máa ń kó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa ikọ́ fée (asthma) sí ènìyàn lára títí ayé. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ẹ kọ owó ìbòjú mọ́ iye iṣẹ́.

Ẹ lọ gba mọ́tò ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú oòrùn, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn, bóyá àwọ̀ àtijọ́ ṣì ń yọjú. Ẹ fi ọwọ́ gbá rọ́bà yí gíláàsì ká, bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ yẹn lé ara rẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ márùn-ún wò ó. Kí ẹ má sì san owó tó kù títí wọ́n á fi kó agolo ọ̀dà tó ṣẹ́kù àti bébà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìpò rẹ̀ sí lé yín lọ́wọ́.