Irin tí mo jó sán lọ́jọ́ kejì, kí ni máíkírósíkóòpù máa rí níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀njiníà. Jórinjórin ni mí. Mo jó irin kan tó nípọn bí àtàǹpàkò mọ́ ṣáàsì tírélà, nígbà tí mo parí ẹ̀ lálẹ́ kò síbi tó sán, àfi bílẹ̀ ṣe mọ́ tí mo rí ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó. Kọ́sítọ́mà ní kí n gé ibẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó. Ṣé kí n fi gáàsì gé e? Kí ni wọ́n fẹ́ rí tójú mi ò rí?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gáàsì gé e o! Iná yẹn á yí inú irin padà, iṣẹ́ gáàsì la máa wá rí, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ayùn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò, tàbí dísíìkì tẹ́ ẹ̀ ń da omi sí, kẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀ dáadáa lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má nu ibẹ̀, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ní 1980, Alexander Kielland, ilé onírin tó léfòó táwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé lórí òkun Norway, dojú dé, èèyàn 123 ló kú, ojú ìjó 6 mm kan ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bá ọ̀dà nínú ibi tó sán, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀dà ò lè wọ ògiri tí ò lanu, bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ó ti sán kí wọ́n tó kùn ún.

Tó bá dọ́dọ̀ wa, a máa fi sáńpépà ha á láti nọ́ńbà 120 tó rí gbàgùngbàgùn dé 1200 tó kúnná, tá a bá ti pààrọ̀ sáńpépà a máa yí irin náà kí ìlà tuntun dábùú ti tẹ́lẹ̀, ká tó fi páúdà dáyámọ́ǹdì lọ̀ ọ́ dé 1 micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), á máa dán bíi díńgí. Ibí yìí làwọn ọmọ IT wa ti máa ń kánjú. A máa kọ́kọ́ wò ó bẹ́ẹ̀ láì fi ásíìdì kàn án, torí ásíìdì máa ń jẹ etí ibi tó sán, á wá fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nital, ásíìdì díẹ̀ nínú ọtí, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, hóró inú irin, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di irin, á yọjú.

Tó bá jẹ́ àárín ojú ìjó gan-an ló ti sán, tó ń tẹ̀lé ààlà àwọn hóró, ìgbà tí irin ṣì gbóná ló sán, sọ́fúrù, ìdọ̀tí inú irin, sábà máa ń lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tiyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ haidirójìn ni mo fura sí. Ẹ̀lẹ́kítíródù, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń jó irin, tó bá ti fa ọ̀rinrin ló ń gbé e wọlé, á lọ kó jọ síbi tí irin ti tutù kíákíá tó sì gan, martensite là ń pè é, lábẹ́ máíkírósíkóòpù ńṣe ló rí bí ọwọ̀ tí wọ́n tú ká, ibẹ̀ ló ti máa sán, ó lè tó wákàtí 48 kó tó hàn.

Torí náà, ẹ gbé ẹ̀lẹ́kítíródù tó ṣẹ́kù tẹ̀ lé irin náà pẹ̀lú páálí ẹ̀, ẹ má sì yan ẹ̀lẹ́kítíródù náà lórí iná kẹ́ ẹ tó gbé e wá.