Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀sìn Adìẹ: Ọmọ Tó Kú Sínú Èèpo, Ewé Tó Dín Ẹyin Kù

Ìbéèrè: Ẹyin 48 ni mo kó sínú ínkubétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ keje, 41 ló ní ọmọ nínú. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, 16 péré ló jáde. Mo fọ́ àwọn tó kù, mo bá òkú ọmọ tó ti pé tán nínú wọn. Kí ló pa wọ́n? (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àkùkọ yín, torí ọmọ ti dé inú èèpo, ó sì ti dàgbà. Òpin ló bàjẹ́. Nígbà mìíràn, kí ẹ tó da òkú nù, ẹ wo inú ẹyin náà dáadáa, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo bá gbẹ bíi tákàdá, tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ọmọ náà, tí ẹnu rẹ̀ sì ti ṣá èèpo lu díẹ̀, gbígbẹ ló pa á. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà wú, tó tutù rinrin, tí omi ń ṣàn jáde, tí kò sì fẹnu kan èèpo rárá, ọ̀rinrin ló pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀: àpò afẹ́fẹ́ ìdí ẹyin ò ráyè fẹ̀, ọmọ ò rí ibi tí yóò ti kọ́kọ́ mí. Lásìkò ọyẹ́, gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú òjò, òdìkejì ni.

Ẹ̀rọ tó ní fáànù, 37.5°C ni kó wà. Èyí tí kò ní fáànù, 38.3°C, kí tẹmómítà sì wà ní ìwọ̀n orí ẹyin, kì í ṣe lára ògiri ẹ̀rọ. Ọ̀rinrin 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló tó títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí 65 tàbí 70. Fífẹ̀ abọ́ ló ń mú ọ̀rinrin wá, jíjìn rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ẹ fi abọ́ pẹrẹsẹ kejì kún un, kí omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré, ẹ wọn ẹyin mélòó kan kí wọ́n tó wọlé: ẹyin 50 gíráàmù yẹ kó ti fi nǹkan bíi gíráàmù 6 sílẹ̀ bó bá fi pé ọjọ́ 18. Bí kò bá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ dín omi kù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni kí ẹ yí ẹyin, kí ẹ̀gbẹ́ kan náà má baà máa wà lókè ní gbogbo òru. Ní ọjọ́ 18, ẹ dáwọ́ yíyí dúró, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọwọ́. Bí òròmọ àkọ́kọ́ bá ti ń ké, ara kì í gbà wọ́n, wọ́n á ṣí i láti gbé e jáde, ooru àti ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ á sá jáde, awọ á gbẹ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣá èèpo lára. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti fa pupa ẹyin wọ ikùn kó tó jáde, ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 láìjẹ láìmu. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí i, kúbùsù ni kí ẹ dà bò ó, kí ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kó ẹyin kíréètì tí mo rà lọ́jà Òkè-Àjẹ́ sábẹ́ àgbébọ̀ tó fẹ́ sàba? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Rárá. Agbo tó ń yé ẹyin títà kì í ní àkùkọ láàárín. Ẹ wá ẹyin lọ́dọ̀ ẹni tó ní àkùkọ kan fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kó má ju ọjọ́ méje lọ nílẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ẹ má sì fọ̀ ọ́, torí omi á gbé ìdọ̀tí gba ojú ihò èèpo wọlé. Bó bá jẹ́ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ wa ni, ọjọ́ 35 ni ẹ óò dúró.

Ìbéèrè: Mò ń já ewé gbáàgúdá àti gbúre fún àgbébọ̀ 60 láràárọ̀, kí owó fíìdì lè dínkù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin já láti 48 lójúmọ́ sí 29, èèpo rẹ̀ sì rọ̀. (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Ẹ dá ewé gbáàgúdá tútù dúró lónìí. Májèlé inú gbáàgúdá wà nínú ewé rẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí tí a fi ń jẹ́ kó kan, tí a fi ń fún un gbẹ kí a tó yan gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi máa rún lọ́wọ́, kó má sì kọjá kílò 5 nínú 100 kílò fíìdì.

Gbúre kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n omi lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Àgbébọ̀ kan ní láti jẹ fíìdì bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Bó bá ti fi ewé yó láàárọ̀, ibo ni fíìdì yóò gbà? Inú fíìdì yẹn ni kálíṣíọ́mù tó fi ń ṣe èèpo wà, gbúre sì tún ní èròjà kan tó ń di kálíṣíọ́mù mú kí ara má baà rí i lò.

Fíìdì ni kó ṣáájú láàárọ̀. Ewé á tẹ̀lé e lọ́sàn-án, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ogún ìṣẹ́jú.  Ẹ di ewé náà ní ìdì, ẹ fi okùn so ó rọ̀ níbi tí adìẹ yóò ti na ọrùn kó tó kàn án, á máa já a díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ bá dà sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgbẹ́, àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ á bá a wọ inú wọn. Koríko gígùn, ẹ gé e, torí ó máa ń lọ́ mọ́ra nínú àpò oúnjẹ ọrùn wọn, á sì dí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ akùrọ̀ ni, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí i kẹ́yìn. Ewé píà kò gbọdọ̀ dé ẹnu wọn.

Ẹ gbé ìkarahun ìgbín tí ẹ ti rún síbì kan lọ́tọ̀, kí wọ́n máa ṣá a bó ṣe wù wọ́n. Èèpo ni yóò kọ́kọ́ le. Iye ẹyin lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó gòkè, nítorí náà ẹ má tíì ta àgbébọ̀ kankan.