Ọ̀rọ̀ gíà ọ́tò inú ọkọ̀ eré: ohun tójú mi rí l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní Ọ̀yọ́ lò ń gbé, Ọlọ́run ti ṣe é, o fẹ́ ra ọkọ̀ eré láti òkè òkun, méjì ló sì kù tí ọkàn rẹ ń lọ sí: Ferrari 360 Modena onígíà F1, àti Porsche 911 Turbo 996 onígíà Tiptronic. O ní ọ́tò ni méjèèjì, kò sí kilọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, torí náà ká ṣáà sọ èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ò ní wọ́n fún ọ.

Gíà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ìwọ náà fi owó tìrẹ kọ́ ọ.

Gíà F1 tí Ferrari kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀ ojú títì ní 1997, nínú F355, gíà mánúà ni. Kilọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú Peugeot 504. Wọ́n kàn yọ pẹ́dà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ni, wọ́n wá fi pọ́ńpù oníná, ọ́ìlì àti kọ̀ǹpútà dípò ẹsẹ̀ òsì awakọ̀. Bí o bá fa ewé irin kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárín, ọ́ìlì á ti kilọ́ọ̀ṣì, á yí gíà, á sì dá kilọ́ọ̀ṣì padà. Lamborghini ń pe tirẹ̀ ní e-gear, BMW ń pe tirẹ̀ ní SMG. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀kan nínú ìdílé yẹn ni mo rà ní 2019, tòkunbọ̀, onílẹ̀kùn méjì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí àìsàn tó ṣe é kì í ṣe tiwọn nìkan. Bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ láàárọ̀, kí n tó jókòó pàápàá, màá gbọ́ tí nǹkan ń kùn hùùùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á sì dákẹ́. Pọ́ńpù gíà ni, ó ń kó agbára ọ́ìlì jọ dè mí. Nígbà tó yá, kíkùn náà di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá. Bí mo bá wà lójú ọ̀nà, gbogbo gíà tí mo bá yí, á kùn. Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin, mi ò fura. Ohun tó ń dùn mí jù dòní nìyẹn, nítorí ọkọ̀ yẹn ti sọ ohun tó ń ṣe é fún mi tipẹ́tipẹ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà lára pọ́ńpù yẹn, wọ́n rọ afẹ́fẹ́ náítírójìn sínú rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú agbára ọ́ìlì pa mọ́ kí pọ́ńpù lè sinmi. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti jò tán, agbára ò dúró mọ́, pọ́ńpù á wá máa ṣiṣẹ́ àṣelàágùn títí káábọ̀nù inú rẹ̀ á fi jẹ tán. Bọ́ọ̀lù yẹn ò wọ́n. Ká ní mo tètè pààrọ̀ rẹ̀, bóyá pọ́ńpù ì bá wà láàyè.

Ní 2021, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mo ti kọjá Ọ̀yọ́, mo ti wọ ojú ọ̀nà tóóró àtijọ́ tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tírélà tó ń lọ sókè Ọya wà níwájú, wọ́n wà lẹ́yìn. Mo rọra fa ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì kú. Orí gíà kejì ló há sí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin sáré wá láti bá mi tì í kúrò lójú ọ̀nà, Ọlọ́run ó máa fún wọn lẹ́mìí gígùn. Ọkọ̀ ò mì. Táyà ẹ̀yìn ò yí rárá. Ìdí ni pé kilọ́ọ̀ṣì yẹn ò lè ṣí láìsí agbára ọ́ìlì, gíà ò sì lè bọ́. Ọkọ̀ mánúà lásán, o lè tẹ kilọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tì ọ́. Ọ́tò gidi, o lè fà á sí N. Èyí, àfi kí ọkọ̀ akọ́kọ̀ wá gbé ìdí rẹ̀ sókè. 60,000 náírà ni mo san kó tó gbé mi dé ilé lóru ọjọ́ náà.

Rewáyà tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bá rìléè pọ́ńpù tó ti jó, ó pààrọ̀ rẹ̀ ní 3,500 náírà, ọkọ̀ sì gbéra. Inú mi dùn. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló fi rìn kó tó tún kú síwájú gééètì ilé mi. Pọ́ńpù tó ti gbó ló ń fa iná jù, òun ló jó rìléè. Mi ò dá ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò tíì dé iwájú rẹ̀ rí.

Pọ́ńpù tuntun lé ní 2,000 dọ́là. Dọ́là wà ní nǹkan bí 500 náírà lójú pópó nígbà náà, o ò sì tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo wá Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, lọ sí ọjà Àràròmí ní Géètì Ìbàdàn, kò sí. Mo rí ọ̀kan ní Ládípọ̀ l'Ékòó, 380,000. A dè é tán, ọkọ̀ ò gbéra, torí kọ̀ǹpútà pàtàkì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì, kó sì kọ́ gíà níbi tí kilọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Mi ò rí ẹni tó ní in láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Èkó ni ẹni tó ṣe é ti wá, 120,000 pẹ̀lú owó ọkọ̀ rẹ̀. Òun náà ló fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà pé kilọ́ọ̀ṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: 410,000 nìyẹn. Èmi ni mo sì pa kilọ́ọ̀ṣì náà. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Tákìè, mo máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa rá tìẹ̀tìẹ̀ bí ẹni wa Camry, mi ò mọ̀ pé kilọ́ọ̀ṣì ń jó lábẹ́ mi. Ó ku díẹ̀ kí gbogbo owó yẹn pé mílíọ̀nù kan. Bẹ́ljíọ̀mù yẹn lo oṣù márùn-ún. Bó ṣe kú ni mo ta ọkọ̀ náà ní iye tí wọ́n dá lé e.

Lẹ́yìn náà mo ra Mercedes-Benz SLK 320, ti 2002. Gíà ọ́tò gidi ló wà nínú rẹ̀, onígíà márùn-ún, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 722.6, tó jáde ní 1996. Torque converter ló so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ló ń gbé agbára kọjá níbẹ̀, kò sí kilọ́ọ̀ṣì tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ máa jó. Ní 2022 òun náà dá mi lágara: ó há sórí gíà kejì, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sáré. Àyà mi já, mo ní ó tún ti dé. Ṣùgbọ́n ó rìn, ó gbé ara rẹ̀ dé Ìbàdàn.

Mẹkáníìkì tó gbà á níbẹ̀, E-Class àti C-Class ló ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Kò tíì skáànù rẹ̀ tó fi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà tó wọnú gíà, ó fi ìka nu inú rẹ̀, ó sì na ìka náà sí mi. Ọ́ìlì pupa ni. Rọ́bà róbótó méjì ló wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ooru ọdún ogún ti mú wọn gan, ọ́ìlì wá ń gba inú wáyà gòkè lọ síbi brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, rọ́bà á gbó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 7,000, fílítà 8,000, ATF (ọ́ìlì gíà ọ́tò) tó bá a mu 40,000, owó iṣẹ́ 25,000. Ó fọ wáyà àti brain box mọ́, ó sì dè é padà. Lọ́jọ́ kejì mo ti wà nílé. Mo ṣì ń wà á.

Ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí fún ọ ni pé 722.6 yẹn náà ni Porsche gbà lọ́wọ́ Mercedes, tó tún ṣe sínú 911 Turbo 996 onítiptronic tí o ń wò. Òun kan náà ló wà nínú Mercedes-Benz SLR McLaren. Kì í ṣe pé ara gíà E-Class á wọ ti Porsche tààrà, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Porsche wà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà, wọ́n tún ìta rẹ̀ mọ. Àmọ́ ẹni tó bá mọ inú ti E-Class ò ní di àjèjì níwájú tirẹ̀.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o fo méjèèjì, kí o lọ ra oníkilọ́ọ̀ṣì méjì: Nissan GT-R tó jáde ní 2007, tàbí PDK ti Porsche tó dé ní 2008, ọdún kan náà tí Ferrari gbé tiwọn sínú California. Gíà tó dára gan-an ni wọ́n, wọ́n yá ju tèmi àti tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ńsọ̀ kékeré inú rẹ̀ bá kú, odindi gíà ló máa bọ́ sílẹ̀. Ọ̀yọ́ kọ́ ni màá ti fẹ́ kí ìyẹn bá mi.

Bó bá jẹ́ pé Ferrari lọkàn rẹ ò kúrò lára rẹ̀, wọ́n ṣe 360 mánúà náà, ìyẹn ni kí o wá. Bí o bá rin kinkin mọ́ F1, má sanwó títí wọ́n á fi tẹ iye kilọ́ọ̀ṣì tó kù jáde lórí kọ̀ǹpútà fún ọ, kí ẹni tó ń bá ọ wò ó sì ṣí ilẹ̀kùn, kó ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí pọ́ńpù fi kùn. Kilọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, kí owó yẹn ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

Bó bá jẹ́ Porsche, ní kí wọ́n wà á títí gíà á fi gbóná dáadáa. Òtútù ló máa ń bo àṣírí. Kí wọ́n fà á láti P sí R, láti P sí D, kó mú lójú ẹsẹ̀, kó má ta ẹ̀ṣẹ́. Bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ATF rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ pé ọ́ìlì gíà ò ní í pààrọ̀ láéláé yẹn, má gbà á. ZF tí wọ́n ń ṣe gíà fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Jámánì fúnra wọn ní kí wọ́n máa pààrọ̀ tiwọn láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì pupa tó bá ṣáà ti rí sínú rẹ̀. 722.6 inú Mercedes ò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì bíi ti Toyota, ọ̀pá mẹkáníìkì ni wọ́n fi ń wò ó, ìgbà tó bá gbóná ni wọ́n sì ń wò ó.

Nígbà tó bá gúnlẹ̀ l'Ékòó, jẹ́ kí ọkọ̀ akọ́kọ̀ gbé e dé Ìbàdàn ná. Kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lójú rẹ, kí o fi ìka tìrẹ nu inú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ATF àti fílítà, kí o tó wà á lọ s'Ọ́yọ̀ọ́.