Ìbéèrè Yín: Ẹ̀rọ di méjì, gaàrí ò pọ̀ sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe gaàrí ní Ìyàrá, ààrò mẹ́ta ni mo ní. Lọ́dún tó kọjá, mo fi owó àjọ ra ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ kejì, àmọ́ iye àpò tí mo ń kó lọ sí Kàbbà ò fi ẹyọ kan lé. Ẹ̀gẹ́ tá a ti fún ń di òkìtì lẹ́bàá ààrò, òmíràn a kan jù. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ìṣòwò ní yunifásítì ní bí Goldratt bá wà láyé, á bá mi wí. Ta ni Goldratt? Ṣé kí n ta ẹ̀rọ náà ni?
Ìyá Gaàrí, Ìyàrá

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ọmọ Ísírẹ́lì ni Eliyahu Goldratt. Wọ́n bí i ní 1947, ó kú ní oṣù kẹfà 2011. Ìmọ̀ físíìsì ló kà. Ètò iṣẹ́ tó bá àwọn tó ń ṣe àgò adìẹ ṣe ló mú un wọ ọ̀ràn ìṣòwò. Ní 1984, òun àti Jeff Cox gbé The Goal jáde, ìtàn àròsọ nípa ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ tì pa. Wọ́n ti ra rọ́bọ́ọ̀tì síbẹ̀, ọjà ò sì tìtorí ẹ̀ tà sí i. Ẹ rí i pé ẹ̀yin nìkan kọ́.

Goldratt ní ibì kan ló máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wákàtí tó bá ṣòfò níbẹ̀, gbogbo iléeṣẹ́ ló pàdánù rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá jèrè níbòmíràn, asán ni. Òkìtì yẹn ti fi tiyín hàn: yíyan ni, kì í ṣe lílọ.

Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn obìnrin tó ń yan. Níbi tí mo ti rí i, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn náà ló ń sẹ́ ẹ, àwọn náà ló ń wá igi, agbada á wá wà lórí iná lófìfo. Ẹ gbé ìyẹn fún àwọn ọmọ tó ń jókòó ti ẹ̀rọ. Kí ẹni tó ń yan má kúrò nídìí agbada, àfi tó bá fẹ́ sinmi. Mo fi ìsinmi kún un nítorí pé Goldratt ò yan gaàrí nínú èéfín rí.

Lẹ́yìn náà, kí bíbó má ju ohun tí ààrò mẹ́ta lè gbà lóòjọ́ lọ. Èyí ló máa dá ìjà sílẹ̀, torí mo fura pé iye abọ́ lẹ fi ń sanwó fáwọn tó ń bó. Goldratt ní bí wọ́n bá ṣe ń wọn iṣẹ́ èèyàn ni yóò ṣe máa ṣe é. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ka abọ́ fún á bó o títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó kan, bí kò kan, kò kàn án. Àpò gaàrí tó jáde ni kẹ́ ẹ máa fi sanwó fún wọn.

Bí òkìtì náà ò bá tíì tán lẹ́yìn èyí, ìgbà yẹn lẹ tó lè mọ ààrò kẹrin. Kẹ́ ẹ tún padà wò ó o, torí wàhálà náà lè ṣí lọ sídìí jáàkì tẹ́ ẹ fi ń fún un, tàbí kó jẹ́ ọjà ni ò gbà á mọ́.

Ní ti ẹ̀rọ kejì, bí ẹnì kan bá mú owó gidi wá, ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi mọ ààrò tó ní ihò èéfín. Bí kò bá sí, ẹ máa fi lọ ẹ̀gẹ́ fáwọn aládùúgbò, kí wọ́n máa sanwó.