Athena àbí Airflow, èwo ni ká mú?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì CSV wa (táblì tí wọ́n fi kọ́mà pín) pọ̀ lórí S3, ibi tí Amazon ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sí, ọ̀gá mi ní ká mú ọ̀kan nínú Athena àti Airflow. Èwo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá o. Athena, irinṣẹ́ Amazon, lẹ máa lò láti fi SQL (èdè tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátà) bi fáìlì yẹn ní ìbéèrè, Airflow tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Airbnb lọ́dún 2014 ní tiẹ̀, ètò bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra ló ń mójú tó, pé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ parí kí tọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì fèèlì kó tún un gbìyànjú. Airflow gan-an lè máa pe Athena. Tó bá jẹ́ ìbéèrè nìkan lẹ ní, Athena ti tó, àmọ́ ẹ tètè yí CSV yẹn sí Parquet (irú fáìlì tó ń to dátà ní kọ́lọ́ọ̀mù-kọ́lọ́ọ̀mù), torí bí dátà tí Athena kà bá ṣe pọ̀ tó lowó ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ bá bèèrè nìkan ló sì máa kà nínú Parquet.