Yíya fọ́tò nígboro Jerúsálẹ́mù, níbi tí ìbọn ti pọ̀ lójú títì

Ẹ ní ìjọ yín ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, pé ẹ fẹ́ fi àyè tí ẹ bá rí ya fọ́tò nígboro. Àmọ́ ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ sójà tó gbé ìbọn kọ́rùn kún ibẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá wọn ò ní gba kámẹ́rà lọ́wọ́ yín. Mo gbé ìlú yẹn fún ọdún mélòó kan, kámẹ́rà kì í sì í kúrò lọ́rùn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ilé la ti gbé e wá. Nílẹ̀ wa, ta ló jẹ́ gbé kámẹ́rà sójú sójà níbi tí wọ́n ti dábùú ọ̀nà? Ti Jerúsálẹ́mù yàtọ̀. Ní Ísírẹ́lì, ọmọ ọdún 18 ni ìjọba ń pè sí iṣẹ́ ológun, tọkùnrin tobìnrin. Obìnrin máa ń lo ọdún 2, ọkùnrin máa ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Ìpè yẹn kì í kan gbogbo wọn o. Ọ̀pọ̀ àwọn Árábù tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Júù Haredi, àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gan-an, sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn títí dòní.) Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ajagun ló máa ń gbé ìbọn wọn relé nígbà ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ọmọbìnrin tó ń lá áísìkirimù lójú pópó Jaffa, tí ìbọn ń gbá a nítan. Òfin ò ní kí ẹ má ya ènìyàn ní gbangba. Ohun tí òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 kọ̀ ni pé kí ẹ gbé fọ́tò tó lè dójú ti ẹni tí ẹ yà síta. Tí ọmọ náà bá fọwọ́ bojú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé ìbọn máa ń gbé fọ́tò mì. Ẹni tó bá wò ó, ìbọn ló máa kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ náà lojú rẹ̀ á sì dúró sí. Gbogbo àlejò ló ń ya irú ẹ̀: sójà, ìbọn, ògiri òkúta. Èmi ò rí nǹkan kan kọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà, láàárọ̀ kùtù, ibùdókọ̀ ńlá tó wà lójú pópó Jaffa máa ń kún fún àwọn ọmọ tó ń padà sí bárékè. Báàgì ńlá wà lẹ́yìn wọn, oúnjẹ tí wọ́n dì fún wọn nílé wà nínú ọ̀rá. Òmíràn á gbé orí lé báàgì, á ti sùn lọ. Òmíràn ń sunkún sínú fóònù. Wọ́n máa ń ki fìlà wọn bọ abẹ́ okùn èjìká, àwọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà: búráùn ni ti Golani, elése àlùkò ni ti Givati. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ ẹni kan ni gbogbo wọn.

Àmọ́ ẹ má gbé ìwà Jaffa lọ sí Ẹnubodè Dámásíkù, ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́. Ìhà ìlà-oòrùn ìlú ni, èyí tí Ísírẹ́lì gbà nínú ogun ọdún 1967. Ẹnu iṣẹ́ ni àwọn agbébọn ibẹ̀ wà, wọn kì í ṣeré. Ẹ ó rí ọmọ ọdún 19 kan tó ń tú àpò ọmọ ọdún 19 mìíràn, tó ní kó kọjú sí ògiri kó gbé aṣọ sókè. Fọ́tò tó lágbára ni, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, ẹ ro ti ọmọ Palẹstínì yẹn. Sójà á parí ọdún rẹ̀, á lọ sílé. Ibẹ̀ ni ọmọ yìí máa gbà kọjá lọ́la àti lọ́túnla, ìtìjú rẹ̀ kì í sì í ṣe ọjà wa. Èmi kì í gbé ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, tàbí ojú àwọn tó ń wò ó, ti tó láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ fi lẹ́ńsì gígùn sílẹ̀ nílé. Kò dáa kí ẹ na nǹkan gígùn dúdú sí ẹni tó gbébọn láti òkèèrè. Lẹ́ńsì kúkúrú, 35mm, tó, kí kámẹ́rà wà lójú táyé, kí ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Páṣípọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ jìnnà sí yín, torí wọ́n máa ń bi àwa aláwọ̀ dúdú ní ìwé. Òkúta funfun ni wọ́n fi bo àwọn ilé ìlú náà, láti ìgbà tí Ronald Storrs, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1918. Oòrùn máa ń ta yẹ̀rì lára rẹ̀, kámẹ́rà á sì mú ojú ènìyàn ṣókùnkùn. Ojú ẹni tí ẹ ń yà ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀.

Ẹ má ya ẹnikẹ́ni ní Ògiri Ẹkún láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì títí di alẹ́ Àbámẹ́ta, torí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù ni. Ní Mea Shearim, àdúgbò àwọn Júù Haredi, ẹ má ya ènìyàn rárá, ọjọ́ yòówù kó jẹ́.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ dé àdúgbò àwọn Áfíríkà nínú ìlú àtijọ́, nítòsí ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí Al-Aqsa. Àwọn Mùsùlùmí tó rin ìrìn-àjò ìjọsìn láti Nàìjíríà, Ṣáàdì, Sùdáánì àti Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn bàbá wọn. Àwọn ọlọ́pàá tó gbébọn dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilé wọn, wọ́n sì máa ń dá ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí padà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín lọ. Ẹ kí àwọn àgbà tó bá jókòó síta, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde ló dáa jù.