Èsì: Ọkọ rẹ tí wọ́n gbé lọ sí Kábbà

Òkun o, àbúrò. O béèrè bóyá adigunjalè ojú títì ló yẹ kí ọkọ rẹ tó jẹ́ ọlọ́pàá bẹ̀rù jù ní Kábbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Rárá o. Ìjà inú ilé ni kó kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, ti ń ka ìkọlù sí ọlọ́pàá lọ́dọọdún, ìpè fún ìjà àti rògbòdìyàn, títí kan ìjà inú ilé, ló máa ń ṣíwájú.

Ó máa ń burú jù bí ọtí bá ti wọ̀ ọ́, tí ọlọ́pàá sì dá nìkan lọ. Bàbá mi, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ṣì ní àpá kan léjìká láti ìlú Ìyàrá. Ọkọ ń lu ìyàwó, bàbá fi ọwọ́ kan ọkọ, àfi bí ìyàwó ṣe la ọmọ odó mọ́ ọn láti ẹ̀yìn: "Ẹ fẹ́ pa ọkọ mi!"

Nítorí náà:

1. Kí wọ́n jẹ́ méjì, ó kéré tán.
2. Kó má dúró gangan sẹ́nu ilẹ̀kùn.
3. Kó ya àwọn oníjà sọ́tọ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ lọ̀bẹ wà.

Iṣẹ́ àárín ìlú ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tàbí ìdènà ojú ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó ń bọ̀ wá kọlu ọlọ́pàá níbẹ̀ ti múra tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kábbà lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Kí wọ́n má jókòó lójú kan náà lójoojúmọ́.

Àti owó ojú ọ̀nà yẹn, jọ̀ọ́, kó jìnnà sí i. Awakọ̀ tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ọlọ́pàá kẹrin ló máa bínú sí.